Ẹ Bi Wá, Ká Fèsì: Omi Inú Ọpọlọ, Awọ Tó Bò Ó àti Ẹ̀jẹ̀ Tó Ń Bọ́ Ọ

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí ọ̀rọ̀ ọpọlọ pọ̀ gan-an. A mú mẹ́rin nínú wọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló wà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin pé oṣù mẹ́rin, orí rẹ̀ sì ń tóbi ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n ṣe síkáànù, wọ́n ní omi ló kún inú ọpọlọ rẹ̀, pé àwọn máa fi rọ́bà sí i lórí. Ìyá ọkọ mi ní ká kọ́kọ́ wá àgbo tó máa fa omi náà gbẹ. Níbo lomi ti wọlé? Ṣé oògùn kò lè gbé e lọ ni? — *Ìyá ọlọ́mọ, Ìlọrin*

Èsì: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Ọlọ́run á wò ó sàn. Omi yẹn kò ti ibì kankan wọlé. Gbogbo wa la ní in lórí. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọpọlọ: méjì ńlá, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ẹ̀kẹta tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín, ẹ̀kẹrin wà nísàlẹ̀ lápá ìpàkọ́. Inú àwọn yàrá yìí ni ìdì iṣan ẹ̀jẹ̀ wínníwínní kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní choroid plexus. Òun ló ń sẹ́ omi náà láti ara ẹ̀jẹ̀. Lára àgbàlagbà, ó ń ṣe tó 500 mìlílítà lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tó máa ń wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò ju nǹkan bíi 150 lọ, nítorí bó ṣe ń wọlé ló ń jáde. Ó ń ti yàrá ńlá méjèèjì bọ́ sí ẹ̀kẹta, ó ń gba ihò tóóró kan bọ́ sí ẹ̀kẹrin, ó ń ti ibẹ̀ jáde yí ọpọlọ àti okùn inú eegun ẹ̀yìn ká, ó sì ń padà sínú ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ àtàrí.

Ihò tóóró tó so ẹ̀kẹta pọ̀ mọ́ ẹ̀kẹrin yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà kan sí méjì lọ, ibẹ̀ ló sì tètè máa ń dí. Wọ́n bí àwọn ọmọ kan tòun ti dídí rẹ̀. Nínú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ẹ̀jẹ̀ lè dà sínú yàrá omi kó dí ọ̀nà. Kòkòrò àrùn tó bá wọ ọpọlọ ọmọ tuntun náà lè fi àpá dí i. Ọmọ tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kò pa dé láti inú oyún sábà máa ń ní in pẹ̀lú. Omi ò wá ríbi gbà mọ́, choroid plexus ò sì dẹ́kun iṣẹ́. Àwọn yàrá á máa wú, ọpọlọ á máa tẹ̀ mọ́ agbárí, orí á máa tóbi nítorí pé eegun orí ọmọ kò tíì so pọ̀.

Nítorí náà, àgbo kò lè ṣí ohun tó dí. Oògùn òyìnbó pàápàá, irú bí acetazolamide, kàn ń dín omi tó ń jáde kù ni, kò la ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi dúró, ọpọlọ ọmọ ló ń fẹ́lẹ́ sí i. Ẹ fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún màmá, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú.

Rọ́bà tí wọ́n sọ, orí rẹ̀ kan máa wà nínú ọ̀kan lára yàrá ńlá, á gba abẹ́ awọ lẹ́yìn etí, á gba ọrùn àti àyà sọ̀ kalẹ̀ sínú ikùn, níbi tí ara á ti fa omi náà mu. Ó ní fáàfù tí kò jẹ́ kí omi ṣàn jù. Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń ṣe é: ó lè dí, pàápàá lápá òkè, ó lè já, kòkòrò sì lè wọ̀ ọ́, èyí tó wọ́pọ̀ láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Bí ọmọ bá ń bì léraléra, tó ń sùn jù, tí àwùjẹ̀ rẹ̀ le tó sì yọ sókè nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́ tí kò sunkún, tí ojú rẹ̀ ń wo ìsàlẹ̀ ṣáá, tàbí tí ara gbóná tí ojú ọ̀nà rọ́bà sì pọ́n, ọsibítù lọ́jọ́ náà ni o, kì í ṣe ọjọ́ kejì.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò gba rọ́bà: wọ́n á fi awò tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé, wọ́n á lu ihò sí ìsàlẹ̀ yàrá kẹta kí omi lè gba ibẹ̀ jáde. Ní Mbale, lórílẹ̀-èdè Uganda, Dókítà Benjamin Warf fi jíjó choroid plexus kún un fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì nílò rọ́bà mọ́. Ẹ bi dókítà yín bóyá ó bá ọmọ yín mu.

Ẹ̀yin ìyá yòókù, ẹ máa wọn orí ọmọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ gbé tépù gba òkè ìpéǹpéjú, òkè etí, àti ibi tó yọ jù ní ìpàkọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ mú èyí tó pọ̀ jù. Ọmọ tuntun tí oṣù rẹ̀ pé kí wọ́n tó bí i máa ń wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35. Ó ń fi bíi 2 kún un lóṣù fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà 1 lóṣù títí dé oṣù kẹfà, lẹ́yìn náà ààbọ̀. Tó bá ń sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ẹni tó bá sì ń múra oyún, kó máa lo folic acid 400 màìkírógíráàmù lójúmọ́ láti bí oṣù kan ṣáájú, torí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ni eegun ẹ̀yìn ọmọ ń pa dé, kí ọ̀pọ̀ obìnrin tó mọ̀ pé àwọn lóyún.

Ìbéèrè: Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, wà ní ọsibítù. Ara rẹ̀ gbóná, ọrùn rẹ̀ gan, kò fẹ́ rí iná. Wọ́n fẹ́ fa omi lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá fa omi lẹ́yìn rẹ̀ kì í rìn mọ́. Ṣé òótọ́ ni? — *Àbúrò wọn, Ìsẹ́yìn*

Èsì: Kì í ṣòótọ́. Ẹ ka èyí fún ẹ̀gbọ́n yín lónìí. Awọ mẹ́ta ló bo ọpọlọ àti okùn inú eegun ẹ̀yìn. Tòde, dura, nípọn ó sì le. Tàárín, arachnoid, fẹ́lẹ́ bí òwú aláǹtakùn. Tinú, pia, lẹ̀ mọ́ ọpọlọ típẹ́típẹ́. Àárín kejì àti ìkẹta ni omi wà, ibẹ̀ náà sì ni kòkòrò yírùnyírùn (meningitis), àìsàn tí wọ́n ń fura sí lára ọmọ yìí, ń gbé, òun ló mú kí ọrùn gan. Okùn inú eegun ẹ̀yìn parí sí ìsàlẹ̀ ìhà, ní eegun kìíní tàbí ìkejì ti ìbàdí. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ sí àárín ìkẹta sí ìkẹrin, tàbí ìkẹrin sí ìkarùn-ún, déédéé orí eegun ìdí. Níbẹ̀, fọ́nrán iṣan tó léfòó nínú omi ló kù, wọ́n sì máa ń yẹ̀ fún abẹ́rẹ́.

Àìsàn náà ló ń sọ èèyàn di arọ tàbí adití nígbà tí ìtọ́jú bá pẹ́. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi fa omi ni wọ́n wá ń dá lẹ́bi.

Omi tó dáa mọ́ gaara. Tó bá ṣú bí omi ìrẹsì, ọyún ni. Wọ́n á wọn ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹ̀jẹ̀: ó yẹ kó tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ti ẹ̀jẹ̀, kòkòrò sì máa ń jẹ ẹ́ tán. Bí àyè kò bá tíì sí láti fa omi, tàbí wọ́n ní kí síkáànù ṣáájú, kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ apakòkòrò. Ẹ má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ apakòkòrò dúró de fífa omi. Orí lè fọ́ àwọn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n bá dìde. Omi yẹn ló gbé ọpọlọ ró: ọpọlọ tó wọn nǹkan bíi gíráàmù 1,400 lórí tábìlì kò ju bíi 50 lọ tó bá léfòó. Tí omi bá dín, ọpọlọ á wọlẹ̀ díẹ̀, á fa awọ. Kí ó dùbúlẹ̀, kí ó máa mu omi. Ọjọ́ díẹ̀ ni.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà. Ní 2024, Nàìjíríà ló kọ́kọ́ lo Men5CV lágbàáyé, tó ń dènà oríṣi yírùnyírùn márùn-ún.

Ìbéèrè: Ọmọ iṣẹ́ mi jábọ́ lórí ọ̀kadà, ẹ̀bátí rẹ̀ gbá kọnkéré. Ó dìde, ó ń sọ̀rọ̀, ó ní kò sí nǹkan. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin ó sùn, a jí i tì. Iṣẹ́ abẹ ló gbà á là. Kí ló dé tó kọ́kọ́ dà bíi pé kò sí nǹkan? — *Mẹkáníìkì, Òṣogbo*

Èsì: A bá yín dúpẹ́. Ẹ̀bátí ni eegun orí ti fẹ́lẹ́ jù. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an, láàárín eegun àti dura. Tí eegun bá sán, iṣan yẹn á ya, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣí dura kúrò lára agbárí. Agbárí àgbàlagbà kò lè fẹ̀. Omi àti ẹ̀jẹ̀ inú orí ló kọ́kọ́ ń yẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ tó dà náà. Wákàtí tó fi ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Nígbà tí kò sáyè mọ́, ọpọlọ ló kàn.

Nítorí náà, ẹni tó bá fi orí gbálẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan fún wákàtí 24. Ẹ jí i ní wákàtí méjì-méjì, ẹ bi í lórúkọ. Ẹ má fún un ní oògùn oorun tàbí ọtí. Tó bá bì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí omi gaara ń jáde nímú tàbí létí, tí ihò dúdú àárín ẹyinjú kan tóbi ju èkejì, ẹ gbé e lọ.

Ti arúgbó yàtọ̀. Bí ọpọlọ ṣe ń sún kì, àwọn iṣan tó gba abẹ́ dura kọjá máa ń fà tantan. Ìṣubú kékeré lè já ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ á máa rọra jò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin. Ará ilé á ní bàbá ń ṣarán. Bí ìṣarán bá dé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, pàápàá lára ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ẹ ṣe síkáànù. Ihò kékeré ni wọ́n sábà máa lu láti fà á jáde, ọ̀pọ̀ sì máa ń padà bọ̀ sípò. Láti 1962 tí Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Ìbàdàn ni iṣẹ́ yìí ti ń lọ lọ́dọ̀ wa.

Ìbéèrè: Ẹnu ìyá wa yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ òsì wọn kò ṣiṣẹ́. Dókítà ní apá ọ̀tún ọpọlọ ni. Ṣé wọn kò ṣì í? — *Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀yọ́*

Èsì: Wọn kò ṣì í. Àrùn rọpárọsẹ̀ (stroke) la ń sọ yìí. Apá ọ̀tún ọpọlọ ló ń darí ara òsì. Iṣan ńlá mẹ́rin ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ: méjì níwájú ọrùn, méjì gba inú eegun ọrùn lẹ́yìn. Wọ́n pàdé lábẹ́ ọpọlọ ní òrùka kan tí Thomas Willis ṣàlàyé ní 1664. Òrùka yìí máa ń ran ẹ̀gbẹ́ tó dí lọ́wọ́, àmọ́ lára ọ̀pọ̀ èèyàn kò pé. Ẹ̀ka àárín tó ti ibẹ̀ jáde ló ń bọ́ ibi tó ń darí ojú àti ọwọ́. Tiwájú ló ni ẹsẹ̀. Tẹ̀yìn ló ni ìríran.

Ọpọlọ kò tó nǹkan nínú ìwọ̀n ara, bíi ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ ó ń gba bíi 750 mìlílítà ẹ̀jẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kò sì ní ìpamọ́. Tírú èyí bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ wo aago: ìgbà wo ni wọ́n rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ dá? Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni gbèdéke rẹ̀. Ẹ pe ọsibítù kí ẹ tó gbéra, kí ẹ mọ̀ bóyá síkáànù wọn ń ṣiṣẹ́. Ẹ má fún un ní aspirin, torí iṣan tó bẹ́ àti èyí tó dí jọra lójú, síkáànù ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ má rọ epo tàbí àgbo sí i lẹ́nu, á gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.