Ẹ Bi Alága: Àwa 24 Nínú Ọkọ̀ Òkun, Tábìlì Mélòó?

Ẹ kú iṣẹ́ o, Alága. Ìyá wa yóò pé 70 ọdún lọ́dún tó ń bọ̀, àwa ọmọ wọn márùn-ún sì ti pinnu pé a ó gbé wọn wọ ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́, cruise tí wọ́n ń wí yẹn, fún alẹ́ méje láti Southampton nílùú Ọba. Àwa méjì ń gbé Àkúrẹ́ níbí, méjì wà ní London, àbíkẹ́yìn wa wà ní Houston. Tí a bá ka Ìyá, àwa ọmọ, ọkọ àti aya wa, ọmọ-ọmọ 11, àti bàbá òun ìyá tó bí ìyàwó àbíkẹ́yìn, àwa 24 ni. A ò tíì sanwó yàrá, àmọ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ alẹ́ ti ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní tábìlì kan ṣoṣo ni gbogbo wa gbọ́dọ̀ jókòó sí, pé a ò lè ṣe ọjọ́ ìbí Ìyá ká tún fọ́n ká. Àbúrò wa obìnrin tó wà ní London ní àwọn ọmọ òun kéré, kí kálukú máa lọ jẹun nígbà tó bá wù ú. Àwọn àna wa ńkọ́, ibo la fẹ́ fi wọ́n sí? Ìyá ní ìtọ̀ ṣúgà, etí wọn ọ̀tún ò sì gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́. Ẹ gbà wá.
Ọmọ Kejì, Òkè-Àró, Àkúrẹ́

Ọmọ Kejì, ẹ kú ìmúra o. Ọlọ́run á dá Ìyá sí fún yín, wọ́n á sì jẹun ọmọ pẹ́.

Lẹ́tà yín kàn mí lára, torí mo ti wọ irú ọkọ̀ yẹn pẹ̀lú èrò ilé. Ní 2017, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin pé 75, àwọn ọmọ wọn sì kó wa lọ sí Barcelona, àwa 22, a wọ ọkọ̀ níbẹ̀. Láti 1996 ni mo ti ń ṣe alága ìjókòó ní Àkúrẹ́ níbí àti lọ́hùn-ún ní Ondó, mo sì máa ń bá àwọn olóde to ìjókòó àlejò wọn. Nítorí náà, èmi ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìjókòó lé lọ́wọ́. Lóde tiwa, ẹ lè dé gbọ̀ngàn láàárọ̀, kí ẹ wo bí àyè ṣe rí, kí ẹ tó pín tábìlì. Nínú ọkọ̀ òkun, kọ̀ǹpútà ló ń pín in, ó sì ti pín in tán kí ẹ tó gbé báàgì kúrò nílé.

Ìdílé mẹ́fà ni wá, kálukú sì gba yàrá tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹ́jẹ́ǹtì tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n so wá pọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, ìdílé mẹ́rin bọ́ sí ìjókòó aago mẹ́fà, méjì bọ́ sí ti aago mẹ́jọ ààbọ̀. Àwa tí a tiẹ̀ jọ jẹ́ ti aago mẹ́fà, alájà méjì ni gbọ̀ngàn ìjẹun náà, wọ́n fi àwa kan sísàlẹ̀, wọ́n fi àwọn kan sókè. Màmá ọlọ́jọ́ ìbí jókòó tì mí nísàlẹ̀. Wéítà gbé agbọ̀n búrẹ́dì wá, búrẹ́dì kéékèèké roboto tí ooru ṣì ń jáde lára rẹ̀. Màmá mú méjì, wọ́n fi aṣọ ìnuwọ́ funfun wé e bí ẹni ń wé ẹ̀kọ, wọ́n sì gbé e lé itan. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ní ti àbíkẹ́yìn àwọn ni, pé bóyá wọn ò tíì fún un lóúnjẹ lókè lọ́hùn-ún. Ẹni ọdún 41 ni wọ́n ń sọ yẹn o. Màmá ò fọwọ́ kan ọbẹ̀ títí ọmọ náà fi sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ́ kí wọ́n rí ojú òun.

Ohun tí mo rí lójú Màmá lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo fi ń dá yín lóhùn. Ẹ to ìjókòó yín kí Ìyá lè máa rí ojú gbogbo yín láti ibi tí wọ́n bá jókòó sí. Tí ìyẹn bá ti wà, tábìlì kan tàbí mẹ́ta ò lè fa ìjà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ àkókò, torí òun ló ń pinnu ìyókù. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà jẹun alẹ́ ní gbọ̀ngàn ńlá ọkọ̀. Èyí àtijọ́ ni pé wọ́n á fún yín ní aago kan àti tábìlì kan, ibẹ̀ náà lẹ ó máa jókòó sí lálaalẹ́, wéítà kan náà ni yóò sì máa bójú tó yín. Ìjókòó kìíní máa ń jẹ́ nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ sí mẹ́fà, èkejì nǹkan bí aago mẹ́jọ sí mẹ́jọ ààbọ̀. Ọ̀nà kejì ni ti ìgbà-tó-bá-wù-ọ́, èyí tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Norwegian Cruise Line bẹ̀rẹ̀ ní 2000. Àwọn bíi Royal Caribbean àti Carnival ń ta méjèèjì, ẹ̀yin lẹ máa yan èyí tí ẹ fẹ́. Ìgbà-tó-bá-wù-ọ́ dára fún tọkọtaya. Fún ẹni 24, ìdúró lẹ́nu ọ̀nà ni, torí kò sí bí tábìlì mẹ́ta tó sún mọ́ra ṣe máa ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tó ti lo oògùn rẹ̀, kò yẹ lẹ́ni tí ẹ ó máa dá dúró. Ìjókòó kìíní ni kí ẹ mú, kí gbogbo yín mú un, láìyọ ẹnì kankan sílẹ̀.

Kí àbúrò yín má bínú sí mi. Aago mẹ́fà gan-an ló bá àwọn ọmọ rẹ̀ lára mu. Kí ó sọ fún wéítà lálẹ́ àkọ́kọ́ pé kí wọ́n máa gbé ti àwọn ọmọ dé kíákíá. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní ibi ìṣeré tí wọ́n ti ń gba ọmọ láti ọdún mẹ́ta sókè lálẹ́, láìgba owó ní ìrọ̀lẹ́. Bí ọmọ bá ti jẹun tán, kí ó mú un lọ síbẹ̀, kí òun náà padà wá fara balẹ̀ jẹ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìsopọ̀, ibi tí tiwa ti bàjẹ́. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ẹ kó gbogbo nọ́ńbà náà jọ sójú ìwé kan, kí ẹnì kan ṣoṣo nínú yín (ó jọ mí pé ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé yìí ni) pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tàbí ẹ́jẹ́ǹtì, kí ó ní kí wọ́n so wọ́n pọ̀ mọ́ra fún ìjẹun. Ó sàn kí ẹ gba gbogbo yàrá lọ́dọ̀ ẹ́jẹ́ǹtì kan, torí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń ka yàrá mẹ́jọ sókè sí ẹgbẹ́, ẹ̀yin 24 sì lè tó bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kíákíá, torí ìjókòó kìíní máa ń tètè kún. Ẹ má fi ti ẹnu nìkan ṣe o, ẹ ní kí wọ́n fi íméèlì ránṣẹ́ tó kọ ọ́ pé ẹ̀yin 24 jọ jẹ́ ti ìjókòó kìíní.

Ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin, mo mọ ohun tó ń wù wọ́n. Wọ́n fẹ́ kó rí bí ìgbà tí bàbá wà láàyè tí gbogbo ilé yí àwo iyán ká. Àmọ́ ẹ bá mi sọ fún wọn pé tábìlì inú ọkọ̀ máa ń jẹ́ ti ẹni méjì, mẹ́rin, mẹ́fà, mẹ́jọ, mẹ́wàá, ó ṣọ̀wọ́n kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá tilẹ̀ rí ẹni to tábìlì mẹ́ta pọ̀ gbọọrọ, ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó sún mọ́ Ìyá nìkan ni Ìyá á máa gbọ́. Àwọn tó kù á kàn máa juwọ́ sí wọn láti ọ̀nà jíjìn.

Tábìlì roboto mẹ́ta, ẹni mẹ́jọ mẹ́jọ, tó fara kanra: ohun tí màá béèrè fún yín nìyẹn. Ìyá ò ní kúrò ní tábìlì kìíní láti alẹ́ kìíní dé ìkeje. Àwọn àna yín méjèèjì á bá wọn jókòó níbẹ̀. Àna kì í ṣe ẹni tí a ń tì sí tábìlì àwọn ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi wọ́n sílẹ̀ láàárín àwọn tí wọn ò mọ̀. Àgbà bí tiwọn ni kó máa bá wọn sọ̀rọ̀. Àyè márùn-ún ló kù. Ìdílé ọmọ kan ni kó máa jókòó síbẹ̀ lálẹ́ kan. Bí ìdílé kan bá jẹ́ mẹ́rin, kí Ìyá fúnra wọn pe ọmọ-ọmọ kan láti tábìlì mìíràn kún un, ẹ ó rí i bí àwọn ọmọ á ṣe máa du àga yẹn. Ìdílé márùn-ún gba alẹ́ márùn-ún, ó ku méjì: alẹ́ ọjọ́ ìbí, kí ẹ̀yin ọmọ márààrún jókòó ti Ìyá láìsí ọkọ láìsí aya, kí aya àti ọkọ jọ mójú tó àwọn ọmọ, àti alẹ́ ìkẹyìn, kí ó rí bó bá ṣe wu Ìyá.

Àga Ìyá gan-an ńkọ́? Etí òsì ló ń gbọ́, nítorí náà kí ògiri tàbí òpó wà lápá ọ̀tún wọn, kí àna àti ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ wà lápá òsì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi wọ́n sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ariwo àwo níbẹ̀ pọ̀. Kí ojú wọn kọ sí tábìlì méjèèjì tó kù.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá wọ ọkọ̀, kí ẹ tó lọ jẹ bùfẹ́ lókè, kí ẹnì kan lọ rí ọ̀gá àwọn wéítà. Wọ́n máa ń yan wákàtí kan lọ́sàn-án ọjọ́ kìíní fún àwọn tó ní ọ̀rọ̀ ìjókòó. Èmi ò mọ̀, ọjọ́ kejì ni mo tó lọ. Mo ya òrùka mẹ́ta sójú ìwé, mo kọ orúkọ àti nọ́ńbà yàrá kálukú sí etí òrùka níbi tí mo fẹ́ kó jókòó. Ọmọ ilẹ̀ India ni ọ̀gá náà. Ó wo ìwé náà títí, ó mú bírò lápò, ó kọ nọ́ńbà tábìlì sáàárín òrùka kọ̀ọ̀kan, ó ní ká ní mo ti mú un wá lánàá ni, òun ì bá ti ṣe é lójú ẹsẹ̀. Alẹ́ kẹta la tó jókòó pọ̀. Ẹ ya tiyín láti ilé, kí ẹ ṣe ẹ̀dà méjì.

Lójú ìwé yẹn náà ni kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣúgà Ìyá sí, àti ẹni tí ẹ̀pà tàbí edé kì í bá lára mu. Wéítà lè máa gbé ìwé oúnjẹ ọ̀la wá fún Ìyá lálẹ́ tó ṣáájú kí wọ́n yan tiwọn. Ẹ bẹ̀bẹ̀ kí wéítà kan náà mú tábìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí pípààrọ̀ àga yín má baà dà á rú. Iyán ò ní sí o, ẹ tètè sọ fún Ìyá.

Alẹ́ tí wọ́n bá ní kí gbogbo èrò wọṣọ iyì ni kí ẹ wọ aṣọ ẹbí yín. Kí àwọn tó wé gèlè ńlá má jókòó láàárín Ìyá àti àwọn ọmọ.

Alága, àwa tọkọtaya mẹ́rin tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ti sanwó ọkọ̀ òkun tán, ìgbà-tó-bá-wù-ọ́ ni a mú. Ṣé a ṣì lè máa jókòó pọ̀?
Ìyá Ìbejì, Òde Ondó

Ìyá Ìbejì, ẹ lè jókòó pọ̀. Ẹni mẹ́jọ ò ju tábìlì kan lọ. Ẹ yan aago kan tí ẹ ó máa jẹun lójoojúmọ́, kí ẹnì kan fi orúkọ ẹ̀yin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gbà á sílẹ̀ lórí áàpù ilé iṣẹ́ náà kí ẹ tó kúrò nílé, bí wọ́n bá gbà á láyè; bí wọn ò bá gbà á, kí ẹ ṣe é lọ́sàn-án ọjọ́ kìíní. Kí gbogbo yín dé ẹnu ọ̀nà pọ̀. Tí tọkọtaya kan bá wọlé ṣáájú pé àwọn fẹ́ lọ gba àga sílẹ̀, tábìlì ẹlẹ́ni-méjì ni wọ́n máa mú wọn lọ.