Ṣé òfin gbà pé igbó ìbílẹ̀ àwọn Dayak jẹ́ tiwọn?

Bẹ́ẹ̀ ni, òfin Indonéṣíà gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kí ẹ̀tọ́ náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Àwọn Dayak ni ọmọ onílẹ̀ ní erékùṣù Borneo. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ilé ẹjọ́ tó ń túmọ̀ òfin ìpilẹ̀ Indonéṣíà dájọ́ pé igbó ìbílẹ̀ kì í ṣe igbó ìjọba. Ibi tó ti le ni pé ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣòfin tó dá ìlú náà mọ̀, kí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó tó fọwọ́ sí i. Kí èyí tó parí, wọ́n lè ti yọ̀ǹda ilẹ̀ kan náà fún oníṣòwò ọ̀pẹ tàbí agégẹdú. Ìyà gidi nìyẹn fún ẹni tó bá ilẹ̀ baba rẹ̀ níbẹ̀.

Sungai Utik, ìlú àwọn Dayak Iban ní Ìwọ̀-Oòrùn Kalimantan, ní apá Borneo tó jẹ́ ti Indonéṣíà, gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní 2020 fún igbó tó lé ní hẹ́kítà 9,000. Àwọn fúnra wọn ti pín igbó náà: apá kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀, òmíràn wà ní ìpamọ́, wọ́n sì ń dáko nínú ìyókù.

Ní Sarawak, ní apá Borneo tó jẹ́ ti Màléṣíà, òfin yàtọ̀. Ní 2016, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Màléṣíà kọ̀ láti gba ẹ̀tọ́ àwọn Dayak lórí igbó tí wọn kò ro. Àtúnṣe òfin ilẹ̀ Sarawak ti 2018 wá fàyè gba ẹ̀tọ́ náà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju hẹ́kítà 1,000 lọ.