Ṣé a lè tọpa ọmọ ọ̀bọ̀kún bí wọ́n ṣe ń tọpa ọmọ salmon?

Ìbéèrè: Apẹja ni wá lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà ríṣẹ́ lẹ́bàá odò kan. Ó ní wọ́n ń fi nǹkan bíi hóró ìrẹsì sínú ọmọ ẹja salmon kí wọ́n lè mọ ibi tó ń lọ. Ṣé kì í pa ẹja náà? Ṣé àwa náà lè ṣe é fún ọmọ ọ̀bọ̀kún, ká lè mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà nígbà tí odò Wémẹ̀ bá kún? (Akọ̀wé ẹgbẹ́ apẹja kan)

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Òótọ́ ni àbúrò yín sọ.

Inú odò tó tutù ni salmon ń yé sí. Púpọ̀ nínú ọmọ rẹ̀ máa ń gbé ibẹ̀ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú àmì dúdúdúdú ní ìhà bí ẹni pé èèyàn fi ìka tẹ̀ ẹ́ lára. Nígbà tí òtútù bá ń lọ, àmì yẹn á pòórá, ara rẹ̀ á máa dán bíi fàdákà, á sì gbọ̀nà òkun, òru ló sì sábà máa ń rìn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, odò náà ni. Ẹni tó bá ṣọ́ ibi tí odò ti fún, á bá a níbẹ̀.

PIT ni wọ́n ń pe nǹkan bíi ìrẹsì yẹn. Gígùn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 12, kò sì ní bátìrì. Wáyà tí wọ́n tẹ́ sínú omi ló ń jí i: bí ẹja bá ti kọjá, nọ́ńbà tó jẹ́ ti ẹja yẹn nìkan á jáde. Kó tó ọdún mẹ́ta kó tó padà wá, nọ́ńbà yẹn náà ni. Láti 1987 ni wọ́n ti ń lò ó lórí odò Columbia ní Amẹ́ríkà.

Kì í pa ẹja bí ọwọ́ bá mọ iṣẹ́. Òróró kànáfùrù díẹ̀ nínú omi ọpọ́n á mú kó sùn, á fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ wọ̀ọ̀. Ẹ ó rẹ ọwọ́ yín sómi kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, torí ọwọ́ gbígbẹ ń bó ọ̀yọ̀ ara rẹ̀, àrùn á sì ráàyè wọlé. Abẹ́rẹ́ á ti nǹkan náà sínú ikùn, ẹ ó gbé ẹja sínú omi tútù mìíràn. Ẹ má tú u sódò títí tí yóò fi lúwẹ̀ẹ́ dáadáa. Èmi kì í kánjú níbẹ̀ rárá, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹja ti ń ṣòfò.

Àmọ́ mi ò ní gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ ra PIT. Ẹja gbọ́dọ̀ kọjá nítòsí wáyà, kì í sábà tó mítà kan, ọ̀sà wa sì fẹ̀. Irú mìíràn tó ń lo rédíò kì í ṣiṣẹ́ nínú omi iyọ̀, iyọ̀ sì ń wọ ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tó ń dún lábẹ́ omi, tí ẹ̀rọ ń gbọ́ láti ọ̀ọ́kán, ló lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò gba ẹ̀rọ. Ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀bọ̀kún, nítòsí ìrù: lẹbẹ kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò légungun. Salmon náà ní in, òun sì ni wọ́n ń gé lára àwọn tí wọ́n sìn kí wọ́n lè dá wọn mọ̀. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì mímọ́ gé e lára àwọn tẹ́ ẹ bá mú lójú odò kan. Fún ojú odò kejì, ẹ gé ṣóńṣó ìrù.

Níbi tí odò bá ti fún, ẹ dẹ ìgèrè. Ká ní ẹ sàmì sí 200, ẹ gbé wọn padà sí òkè odò, 20 sì tún bọ́ sínú ìgèrè: ẹyọ kan nínú mẹ́wàá lẹ̀ ń mú. Bí ìgèrè bá mú 1,500 lápapọ̀, àwọn tó kọjá á sún mọ́ 15,000.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbàṣẹ lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ ẹja pípa. Kẹ́ ẹ sì sọ fún àwọn ìyá wa tó ń ta ẹja ní ọjà Àjàṣẹ́, torí àwọn ló ń fọwọ́ kan ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ló máa kọ́kọ́ rí lẹbẹ tí a gé. Kí wọ́n sọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti rà á, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.