Function kan, èsì méjì: èwo ló ṣáájú?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní function yín (ìdìpọ̀ àṣẹ tí a ń pè lórúkọ) ń ṣírò kílò ìrẹsì àti owó iṣẹ́ pọ̀, àmọ́ ẹyọ èsì kan ló ń dé ọwọ́ yín, ẹ sì fẹ́ kó èkejì sínú variable global, ìyẹn àpótí kan ṣoṣo tí gbogbo kóòdù jọ ń lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti pe function náà fún oníbàárà kejì, ti ẹni àkọ́kọ́ ti pa rẹ́ nìyẹn. Ní Python, èdè tí a fi ń kọ kóòdù yìí, kọ́mà lásán ti tó:

def bo(eleepo, owo_kilo):
    odidi = eleepo * 0.6
    owo = eleepo * owo_kilo
    return odidi, owo

odidi, owo = bo(200, 30)

(eleepo ni kílò ìrẹsì tí a kò tíì bó, odidi ni èyí tó jáde láìfọ́. Àpẹẹrẹ ni 0.6 yẹn o, ẹ fi ti ẹ̀rọ yín sí i.) Ká sòótọ́, ohun kan ṣoṣo ni function yìí dá padà, tuple ni, ìyẹn àwọn iye tí a tò pọ̀ sójú kan: (120.0, 6000). Orúkọ méjì tó wà lápá òsì ló pín in. Python fúnra rẹ̀ ń ṣe é: divmod(47, 5) á fún yín ní (9, 2). Ẹ bu kílò 47 sínú àpò oníkílò márùn-ún, àpò mẹ́sàn-án á kún, kílò méjì á ṣẹ́kù. Bó bá jẹ́ owó nìkan lẹ ń wá, ẹ kọ _, owo = bo(200, 30); _ ni a fi ń gba èyí tí a ò nílò.

Kíkọ ọ́ kò le. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n pè mí síbi ẹ̀rọ ìbóresì kan ní Ìgbẹmọ pé kí n wá tún kóòdù wọn ṣe. Function kan wà níbẹ̀ tó ń dá kílò odidi ìrẹsì padà, lẹ́yìn náà èyí tó fọ́. Ẹnìkan ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi, ó gbé èyí tó fọ́ síwájú, kò sì fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti ń pè é. Kílò ni méjèèjì, nọ́ńbà ni méjèèjì, Python ò wí nǹkan kan. Àwọn ìyá tó kó ìrẹsì wá ló pariwo, torí ìwé tí wọ́n gbà ní èyí tó fọ́ ju odidi lọ, bẹ́ẹ̀ ìṣojú wọn ni ìrẹsì ṣe jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Ta ló fẹ́ bá ìyá Ìgbẹmọ jiyàn lórí ìrẹsì? Òṣùwọ̀n la kọ́kọ́ fura sí, a tú u délẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí kóòdù wò.

Àṣìṣe tó ń pariwo sàn ju ìyẹn lọ. Ẹ fi èsì kẹta kún un láìtún ibi tí ẹ ti ń pè é ṣe, "too many values to unpack" lẹ máa rí. Bó bá jẹ́ "cannot unpack non-iterable NoneType object", ẹ lọ wo if yín: ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí kò ní return. Èyí ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ní Adó.

Nítorí náà, bí èsì bá ti ju méjì lọ, tàbí tí méjèèjì bá jẹ́ irú kan náà, mo máa ń fún wọn lórúkọ:

from typing import NamedTuple

class Esi(NamedTuple):
    odidi: float
    fifo: float

Nínú function, ẹ kọ return Esi(odidi=o, fifo=f); níta, ẹ kó ohun tó dá padà sínú esi, kí ẹ wá pe esi.odidi àti esi.fifo. Tuple ṣì ni, kóòdù àtijọ́ tó ń pín in sí méjì ò ní bàjẹ́, ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ ju dictionary lọ nìyẹn. Bó bá ṣì ń takú, ẹ lẹ ibi tí ẹ ti ń pe function náà mọ́ ìbéèrè yín, torí èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ kò kọjá ibi def, ìyẹn ibi tí ẹ ti kọ function náà fúnra rẹ̀.