Ẹ wọn ṣásí kí ẹ tó ra ọjà kankan fún Hilux yín

Ẹ kú ewu ọ̀nà o. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, Hilux yín já sí kòtò tí àgbàrá gbẹ́ lójú ọ̀nà oko, ẹsẹ̀ iwájú lápá òsì ló sì kọ́kọ́ wọlé. Láti ọjọ́ náà ọkọ̀ ń fà sápá òsì, táyà ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀yìn sì ń dún gbàgà bí ẹ bá ti kó ẹrù. Mẹkáníìkì yín ní kí ẹ lọ ra ṣọ́ọ̀kì méjì, bọ́ọ̀jóìntì (oríkèé irin tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ yí) mẹ́rin àti gbogbo búṣìn (rọ́bà tó wà ní ìdí áàmù) iwájú. Ẹ wá ń béèrè iye tí ẹ máa mú lọ sọ́jà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ owó náà dúró ná, kí ẹ kọ́kọ́ wọn ṣásí, ìyẹn irin gbọọrọ tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ fún yín yẹn ni mo rà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì rà á, kí n tó mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Hilux 2008 ni tèmi, ẹ́ńjìnnì 2.7, fóò-bái-fóò. Ẹ̀gẹ́ gbígbẹ la fi ń kó láti àwọn oko tó wà láàárín Ìgbòho àti Kìṣí. Ní oṣù keje ọdún 2019, òjò ti gbé ìdajì afárá kékeré kan lọ, omi sì bo ojú rẹ̀, a ò rí i. Ẹsẹ̀ òsì wọlé, ó sì fi gbogbo agbára gbá etí kọnkéré tó ṣẹ́ kù. A fi igi wọ́ ọ jáde, a rọra wá sílé. Lójú, kò sí nǹkan kan tó ṣẹ́ àfi ṣọ́ọ̀kì tó ń jo. Mo pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, mo pààrọ̀ bọ́ọ̀jóìntì òkè àti ti ìsàlẹ̀, mo pààrọ̀ búṣìn, mo lọ ṣe aláìnmẹ́ǹtì, ìyẹn títò táyà kó lè dúró gún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, táyà tuntun ti jẹ dé wáyà. Mo gbà pé ayédèrú ọjà ni wọ́n tà fún mi, ni mo bá tún gbogbo rẹ̀ rà. Táyà tún jẹ.

Ọ̀rẹ́ kan ló mú mi lọ bá bàbá kan tó ń ṣe panẹ́bítà n'Íbàdàn. Bàbá ò fọwọ́ kan ọkọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló bá ẹ wọ̀n ọ́n?" Mo ní, "Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n, sà." Ó ní kí n gbé e sórí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú, ó mú okùn, ẹfun àti òkúta kékeré kan jáde.

Bó ṣe ṣe é nìyí, ẹ̀yin náà lè ṣe é nílé. Ẹ wá ihò tàbí bọ́ọ̀tù lára ṣásí tí òsì àti ọ̀tún jọ ní, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ jẹ́ kó rọ̀ láti ojú ibẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ fi ẹfun sàmì síbi tó bá kàn. Tí àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé, ẹ gbé ọkọ̀ kúrò. Ẹ wá wọ̀n láti iwájú òsì lọ sí ẹ̀yìn ọ̀tún, kí ẹ tún wọ̀n láti iwájú ọ̀tún lọ sí ẹ̀yìn òsì. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ṣásí ti yẹ̀. Ẹ tún na sítíárìn kó dúró gbọnrangandan, kí ẹ wọ̀n láti àárín wíìlì iwájú dé àárín wíìlì ẹ̀yìn lápá kọ̀ọ̀kan. Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin ti ìgbà náà, 3,085 mm ló yẹ kó jẹ́. Lápá ọ̀tún tèmi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Lápá òsì, ó fi 21 mm kúrú. Ẹsẹ̀ iwájú ti sún sẹ́yìn pẹ̀lú ibi tí lówà áàmù, apá irin ìsàlẹ̀ tó gbé ẹsẹ̀, ti so mọ́ ṣásí. Ẹsẹ̀ tó bá sì ti sún sẹ́yìn báyẹn, apá ibẹ̀ ni ọkọ̀ máa ń fà sí. Ṣọ́ọ̀kì ogún kò lè tún un ṣe.

Àmì kan wà tí mi ò kà sí látìbẹ̀rẹ̀: bí mo bá yí sítíárìn dé òpin, táyà òsì á máa ha ike tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ti ọ̀tún kì í hà. Ẹ wo tiyín bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Èkejì, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀. Bọ́ọ̀tù méjì ló so lówà áàmù kọ̀ọ̀kan mọ́ ṣásí, irin róbótó tí a fàlà sí lára sì wà lórí bọ́ọ̀tù náà. Irin yìí ni oníaláìnmẹ́ǹtì máa ń yí láti sún ẹsẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn. Lára ọkọ̀ tí ara rẹ̀ pé, ti òsì àti ti ọ̀tún kì í jìnnà síra wọn. Tèmi, ọ̀tún wà láàárín, òsì ti dé òpin pátápátá. Ẹni tó ṣe aláìnmẹ́ǹtì fún mi ti fi í bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ kí nọ́ńbà lè dára lórí kọ̀ǹpútà. Inú mi bàjẹ́ gan-an sí ìyẹn, torí gbólóhùn kan péré látẹnu rẹ̀ ì bá ti gbà mí lọ́wọ́ táyà mẹ́rin.

Lẹ́yìn náà ni a wá ibi tó ti là. Amọ̀ bò ó, ìdí nìyẹn tẹ́nì kankan ò fi rí i. A fọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́ tónítóní, a fi kẹrosíìnì pa á, a nù ún gbẹ, a wá fi ẹfun lílọ̀ kun ún. Ibi tó bá là, kẹrosíìnì á máa sun jáde níbẹ̀, á sì fa ìlà dúdú sára ẹfun. Ìlà náà jáde lẹ́yìn ibi tí áàmù so mọ́, ó gùn tó ìka ọwọ́.

Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ dúró ṣinṣin rèé: ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà fi iná sun ṣásí títí yóò fi pọ́n kó tó tẹ̀ ẹ́. Á yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin ibẹ̀ á rọ̀, ibẹ̀ náà ló sì máa tún tẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ṣéènì àti jáàkì oníhàídíróòlì la fi fà á ní tútù, díẹ̀díẹ̀, a ń wọ̀n, a ń fà. Ẹ máa fà á kọjá ojú àmì díẹ̀, torí irin máa ń padà sẹ́yìn tí ẹ bá tú ṣéènì. Ọjọ́ méjì gbáko la fi ṣe é.

Ní ti lílẹ̀ rẹ̀, bàbá kọ́kọ́ lu ihò kékeré sí ìparí ojú ibi tó là kó má baà máa ya lọ, ó fi fáìlìn mọ́ṣíìnì gbẹ́ ojú rẹ̀, ó jó o pọ̀, ó wá fi pákó irin tó nípọn bíi ti ṣásí bò ó. Kò gé etí irin náà ní òró tààrà, ó gé e ṣóńṣó lápá méjèèjì, torí bí ìlà wẹ́dìn bá gba òró kọjá lára ṣásí, ibẹ̀ ló máa ń ṣẹ́ sí. Kí wọ́n tó tan iná, ẹ tú bẹ́tìrì, ẹ yọ wáyà bùréènì bọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà ọkọ̀), kí wọ́n so áàsì (wáyà ẹ̀rọ wẹ́dìn tí wọ́n ń so mọ́ irin ọkọ̀) sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń jó o gan-an. Bí ibẹ̀ bá sún mọ́ táńkì epo tàbí páìpù bíréèkì, ẹ tú wọn kúrò. Ẹ má gba "a máa ṣọ́ra" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí táńkì epo.

Ìgbà yìí lẹ tó lè lọ sọ́jà. Ní ti lówà áàmù fúnra rẹ̀, mo fẹ́ràn tòkunbọ̀ ojúlówó láti Agódì Gate n'Íbàdàn tàbí Ládípọ̀ l'Ékòó ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ, bí ẹ bá ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀tún tí ẹ rí i pé kò tẹ̀. Bọ́ọ̀jóìntì kì í ṣe ohun tí mo lè ra tòkunbọ̀ rẹ̀ láéláé. Bó bá já lórí eré, ẹsẹ̀ á ṣubú sílẹ̀ ni. Bọ́ọ̀tù áàmù tó bá sì ti dógùn-ún mọ́ inú búṣìn, ẹ má fi òòlù pa ara yín, ẹ gé e, kí ẹ ra òmíràn, kí ẹ sì fi gíríìsì pa ìdí rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọlé.

Ohun tó jẹ búṣìn mi àkọ́kọ́ kò kan ṣásí rárá. Wọ́n di bọ́ọ̀tù rẹ̀ pinpin nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì, ẹsẹ̀ rọ̀ wálẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ délẹ̀, rọ́bà inú búṣìn ti lọ́ pọ̀, gbogbo gálọ́ọ̀pù sì ń ya á. Ẹ kàn fi ọwọ́ dì í, ẹ sọ ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ mì í dáadáa kó jókòó, ẹ wá dì í pa lórí ìwúwo rẹ̀. Oṣù méjì ni ti àkọ́kọ́ lò. Èyí tí a dì báyìí ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Gbàgà tó ń dún lẹ́yìn, ẹ wo sẹ́ńtà bọ́ọ̀tù sipirín, èyí tó gba àárín ewé sipirín kọjá. Bó bá ti gé, àásù ẹ̀yìn, irin gígùn tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, á sún, ọkọ̀ á sì máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ bí akàn. Ẹ ra yú-bọ́ọ̀tù (bọ́ọ̀tù tó tẹ̀ bí U, tó di sipirín mọ́ àásù) tuntun nígbà tí ẹ bá ń tò ó, torí èyí tí a ti dì rí ti fà, kì í di nǹkan mú mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ fi ewé sipirín kún un kí ẹ̀yìn lè ga, ẹ rántí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó so àásù mọ́ fáàfù bíréèkì lókè. Ó ń fi gíga ẹ̀yìn mọ̀ bóyá ẹrù wà. Bí ẹ̀yìn bá ga, á rò pé ọkọ̀ ṣófo, á sì dín bíréèkì ẹ̀yìn kù nígbà tí ẹrù kún un fọ́fọ́. Kí wọ́n tún ọ̀pá náà tò.

Tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ wá lọ ṣe aláìnmẹ́ǹtì, kí ẹ dúró ti oníṣẹ́ náà, kí ẹ wo ibi tí irin róbótó méjèèjì dúró sí. Lẹ́yìn bí 500 kìlómítà, ẹ tún gbogbo yú-bọ́ọ̀tù dì.