Kí ni kí n kọ́kọ́ gbé kúrò nílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì wa. Àdúgbò Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mò ń gbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ aládùúgbò wa gbé kẹrosíìnì mu. Wọ́n rọ epo pupa sí i lẹ́nu kí ó lè bì í. Ó bì í lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì wà ní ọsibítù di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní: ọdún 2, ọdún 9 àti ọdún 16. Iwájú ilé ni mo ti ń ta ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú àmójútó ọmọ. Ọlọ́run á wo ọmọ náà sàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ epo pupa yẹn, torí ọ̀pọ̀ ilé ló ṣì ń lò ó. Inú ikùn kọ́ ni kẹrosíìnì ti ń ṣọṣẹ́ jù, ẹ̀dọ̀fóró ni. Ó ń yọ̀, ó sì máa ń tàn kálẹ̀ kíá, nítorí náà bí ọmọ bá ń bì tàbí tó ń húkọ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ á gba ọ̀nà èémí wọlé, á sì bó ẹ̀dọ̀fóró nínú. Ẹni tó rọ epo pupa sí ọmọ lẹ́nu, tàbí tó ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun, òun gan-an ló ń ti kẹrosíìnì náà lọ síbi tí kò yẹ kó dé. Ẹ má fún un ní ohunkóhun tí yóò mú un bì. Ẹ bọ́ aṣọ tó bá rin, ẹ fi ọṣẹ fọ ara rẹ̀, ẹ mú ike tó ti mu ún dání, kí ẹ sì kọrí sí ọsibítù. Ti Bowen wà nílùú wa, ti LAUTECH náà wà. Èyí tó bá sún mọ́ yín ni kí ẹ lọ. Bí ọmọ bá tilẹ̀ ń ṣeré, ẹ gbé e lọ, torí ikọ́ náà lè má farahàn títí di bíi wákàtí 6. Bákan náà ni sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ: ohun tó jó ọ̀fun nígbà tó ń lọ, á tún jó o nígbà tó bá ń padà bọ̀.

Ní ti ìbéèrè yín gan-an, ìkìlọ̀ kọ́ ló ń dáàbò bo ọmọ ọdún 2. "Má fọwọ́ kàn án" tí ẹ sọ láàárọ̀, ó ti gbàgbé kó tó di ọ̀sán. Ohun tí ẹ gbé kúrò níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó nìkan ni ẹ lè fọkàn tán. Bí ọmọ bá gbé kẹrosíìnì mu, àwọn kan máa ń sọ pé iṣẹ́ ọ̀tá ni. Ohun tí èmi ń rí nídìí ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n rọ kẹrosíìnì sí, tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi mímu. Lónìí yìí, ẹ kó kẹrosíìnì, Hypo, oògùn kòkòrò àti májèlé eku sókè, síbi tó ní kọ́kọ́rọ́. Kí ìkankan wọn má ṣe wà nínú ike ohun mímu.

Ẹ̀kọ gbígbóná yín ló ń bà mí lẹ́rù jù. Kì í ṣàn kúrò lára bí omi. Ṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ awọ, tí yóò sì máa jó o lọ, bẹ́ẹ̀ awọ ọmọdé fẹ́lẹ́ ju tiwa lọ. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà fi búlọ́ọ̀kù yí ibi ìdáná ká, kó ní ilẹ̀kùn. Ẹ má pọn ọmọ nígbà tí ẹ bá ń ro ẹ̀kọ tàbí tí ẹ ń bù ú fún oníbàárà. Bó bá dà sí i lára, ẹ fi omi tútù tó ń ṣàn sí ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ bọ́ aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀, àfi èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ awọ. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ máa gbé e lọ. Ẹyin, omi ìgbín, epo pupa, ọṣẹ ìfọyín, omi dídì: ẹ má fi ìkankan kàn án.

Kànga gbọ́dọ̀ ní ìdérí àti àgádágodo. Ẹ má fojú kékeré wo garawa náà. Orí ọmọ ọdún 2 wúwo fún ara rẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ wo inú omi, á fi orí sọ wọlé, kò ní lè gbé ara rẹ̀ jáde, kò sì ní pariwo. Ẹ da omi ìwẹ̀ nù lẹ́yìn ìwẹ̀. Ní ti ẹ̀pà, kó má baà há a lọ́fun, ẹ lọ̀ ọ́ fún un títí yóò fi pé ọdún 5.

Ti ọmọ ọdún 9, ẹ̀yin náà mọ ìlú wa nígbà máńgòrò. Ẹ fún un ní ọ̀pá gígùn tó ní ìkọ́, ẹ sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ gun igi lẹ́yìn òjò. Bó bá jábọ́ tó ní ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dun òun, ẹ má gbé e dìde. Ẹ wá pákó gbọọrọ tí ẹ ó fi gbé e. Bó bá jẹ́ apá ló kán, mo bẹ yín, ọsibítù ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ ya àwòrán eegun. Mi ò tàbùkù àwọn tó ń to eegun. Ṣùgbọ́n apá tó kán máa ń wú, bí wọ́n bá sì ti fi ọparun dì í pinpin, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ọwọ́ mọ́. Bí ìka bá tutù, tó ń dúdú, tó kú tipiri, tàbí tí ọmọ ń ké nítorí ìrora tí kò dẹ̀, ẹ tú ohun tí wọ́n dì mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òru, kí ẹ gbé e dé ọsibítù. Mi ò fẹ́ kí ẹ dúró di ilẹ̀ mọ́. Láàárín wákàtí díẹ̀ ni irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ fi ń di èyí tí wọ́n á gé.

Ọmọ ọdún 16 kò sí lára àwọn tí a ń gbé nǹkan pa mọ́ fún. Ẹ jókòó bá a ṣàdéhùn. Ọdún 18 ni òfin Nàìjíríà fi àyè sílẹ̀ fún ìwé ìwakọ̀, nítorí náà ẹ má ṣe fi ọ̀kadà rán an níṣẹ́ dé Sábó, bó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n gùn tó. Kí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ má lọ lúwẹ̀ẹ́ ní dáàmù Ọbà. Kó sì mọ̀ pé bí ẹnìkan bá ń rì, kẹ́ẹ̀gì òfìfo tàbí okùn ló yẹ kí òun jù sí i, kì í ṣe pé kí òun bẹ́ tẹ̀lé e. Bí ọlọ́kadà bá máa gbé e, kó dé akoto tó bá orí rẹ̀ mu, kó sì de okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n. Akoto tó ti sán, tàbí tí wọ́n ti fi ní jàǹbá rí, ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: fóòmù inú rẹ̀ ló ń gba ìlù fún orí, ó sì ti fọ́, bí òde rẹ̀ bá tilẹ̀ ń dán.