Kí ló ń ṣẹ́ sípíríǹgì ọkọ̀ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹnjiníà. Pick-up ni mo fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Ifẹ̀wàrà wá sí Ilé-Ifẹ̀. Sípíríǹgì ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, irin pẹlẹbẹ tó wà lókè pátápátá nínú àwọn tó tò léra, ti ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù márùn-ún. Nígbà àkọ́kọ́, mo gbé e fún jórinjórin, ó jó o pọ̀. Kò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Mo ra tòkunbọ̀, òun náà tún ti dá méjì, lójú ihò àárín gan-an. Mọkálíìkì ní ẹrù mi ló pọ̀ jù. Ẹni tó tà á fún mi ní gálọ́ọ̀pù ni. Èwo ni kí n gbà? Mo fi fọ́tò àfọ́kù rẹ̀ ránṣẹ́. (Awakọ̀ kan, Sábó, Ilé-Ifẹ̀)

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọ̀nà o. Oore tí ẹ ṣe mí ni pé ẹ ò da àfọ́kù náà nù. Ẹlòmíì á ti tà á fún alágbẹ̀dẹ, wọ́n á ti fi rọ àdá.

Ojú ibi tó ti dá pín sí méjì. Apá kan ń dán, ó ní àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀ bí ọrun, bí èyí tí omi ń fi sílẹ̀ lórí iyanrìn etídò nígbà tó bá ń fà. Apá kejì rí págunpàgun, ó ń kọ yẹ̀rìyẹ̀rì bí ṣúgà oníhóró téèyàn fọ́. Ibi tó ń dán yẹn, díẹ̀díẹ̀ ló là, tí ẹ̀yin sì ń wà á lọ wà á bọ̀. Ibi págunpàgun ló já lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú tiyín, ibi tó ń dán fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ìwọ̀nba irin díẹ̀ ló ṣẹ́ kù tó ń gbé ẹrù lọ́jọ́ tó já; gálọ́ọ̀pù kàn wá parí iṣẹ́ ni. Ká ní ẹrù àpọ̀jù ló dá a lọ́jọ́ kan, págunpàgun ni ì bá jẹ́ látòkè délẹ̀.

Irin máa ń rẹ̀ bí èèyàn. August Wöhler, ará Jámánì, ti fi èyí hàn láti nǹkan bí ọdún 1860 lórí ọ̀pá àgbá ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin: ẹrù tí kò lè dá irin lẹ́ẹ̀kan lè dá a tó bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra.

Níbo ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í là? Etí ihò sẹ́ńtà bóòtì ni, ìyẹn bóòtì tó gba àárín àwọn irin sípíríǹgì kọjá, ẹ sì wo bí irin ṣe ń dán rederede yí ihò náà ká: nǹkan ti ń ha á níbẹ̀. Yú-bóòtì yín, àwọn irin tó tẹ̀ bí lẹ́tà U tó de sípíríǹgì mọ́ ọ̀pá ẹsẹ̀ ọkọ̀, ló dẹ̀. Tí yú-bóòtì méjèèjì bá le dáadáa, àárín wọn kì í tẹ̀ rárá, ihò náà kò sì ní iṣẹ́ kankan. Tó bá ti dẹ̀, gbogbo ìtẹ̀ á sáré dé ojú ihò, ibi tí irin ti kéré jù. Ká ní ẹ̀gbẹ́ yú-bóòtì níta ló ti dá ni, mọkálíìkì yín ni mi ò bá gbè.

Ti jórinjórin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tún dán an wò. Èédú inú irin sípíríǹgì tó 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún, ó tó ìlọ́po mẹ́ta ti irin géètì. Alágbẹ̀dẹ èyíkéyìí mọ̀ pé tí ẹ bá mú un pọ́n tí ẹ rì í bọmi, á le, á sì fọ́ bí àwo. Tí ẹ bá jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀, á rọ̀. Iná jórinjórin ṣe méjèèjì láàárín ìbú àtàǹpàkò kan, torí irin tútù tó yí i ká ló ń ṣe iṣẹ́ omi.

Ẹ ra yú-bóòtì tuntun; èyí tó ti dẹ̀ rí, ó ti nà. Kí wọ́n dè é nígbà tí táyà bá wà nílẹ̀, kí wọ́n máa mú nọ́ọ̀tì níkọ̀ọ̀kan ní igun sí igun, kí ẹ sì tún un dè lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́ sí Ifẹ̀wàrà. Tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ mìíràn, ẹ yẹra fún èyí tí ìpẹtà ti jẹ ní kòtò kòtò. Ẹ fi sípánà kan tòsì náà wò, ọwọ́ kan náà ló ṣáà dè é.